Ibi Tí Wọ́n Ti Ní Ká Má Sọ̀rọ̀

Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bímọ, ìyá mi àti ìyá ọkọ mi sì ti kẹ́rù dé. Inú yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ìrọbí ò bà mí tó ẹ̀rù àwọn méjèèjì. Ìyá mi ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ, ìyá ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Bí wọ́n bá lè máa bá a lọ báyìí lẹ́yìn tí ọmọ bá dé, èmi ni mo máa sá nílé.

Ọkọ mi ní ká kó wọn lọ sí igbó ẹyẹ tó wà létí òkun. "Wọn kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀," ló wí. "Ká ṣáà sinmi díẹ̀."

Lójú ọ̀nà tóóró tó gba àárín koríko kọjá, tí àwọn alákàn ti ń sá wọhò, ìyá mi dì mí lápá ọ̀tún, ìyá ọkọ mi dì mí lápá òsì, kálukú ń fà mí síbi tó wù ú. Nígbà tá a dé ahéré onípákó tí wọ́n ti ń yọjú wo ẹyẹ, olùṣọ́ ibẹ̀ fìka lé ètè, ó sì fún wa ní awò awọ̀nàjíjìn kan ṣoṣo. Ìyá ọkọ mi já a gbà. Ìyá mi yí ojú.

Lékèélékèé kan wà nínú ìtẹ́, ó fẹ́ fi ẹja bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹja náà ju ẹnu ọmọ ẹyẹ lọ. Ó há a lọ́fun, ọmọ ẹyẹ náà sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ létí ìtẹ́. Ìyá ọkọ mi gbé awò fún ìyá mi láìjẹ́ pé ó tọrọ, ó ń nawọ́ síbẹ̀. Ìyá mi wò ó, ó sì di ọwọ́ ìyá ọkọ mi mú gírígírí.

"Ó ti gbé e mì!" Èmi ni mo pariwo. Gbogbo ẹyẹ fò lọ pátá.

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

"O ò lè pa ẹnu mọ́ ni?" ìyá mi bi mí.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi bi í," ni ìyá ọkọ mi wí.

"Bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn, àna mi. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

"Ṣé ọmọ tèmi ló wá sàn?"

Wọ́n kọ́wọ́ ara wọn, wọ́n fi èmi àti ọkọ mi sílẹ̀, wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wa títí dé ẹnu ọ̀nà. N ò tíì gbọ́ èébú tó dùn mọ́ mi báyẹn rí. Ìyá ọkọ mi wá bojú wẹ̀yìn.

"A ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ìyá rẹ," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ilé lẹ máa wà."