Wọ́n Wá Kà Wá Lóko, A Ti Lọ sí Ìbàdàn

Ká má parọ́, ọkọ mi fẹ́ràn Ìbàdàn ju bí Ìbàdàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Josiah ni orúkọ rẹ̀, Bàbá Adémidé ni èmi ń pè é, òun sì ni Baálẹ̀ Abà Láyí. Láyí tó dá abà náà sílẹ̀, baba bàbá rẹ̀ ni. Abà yìí ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti lọ sí iléèwé àwọn Áńgílíkà, ibẹ̀ ló ti ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, ibẹ̀ ló ti fẹ́ mi, ibẹ̀ la ti bí gbogbo ọmọ wa. Síbẹ̀, bí àlejò bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, á gbé ọrùn sókè, á ní, "Ilé Ajítẹ̀rù, ní ìsàlẹ̀ Ọjà'ba." Ó ní ibi iṣẹ́ lásán ni abà. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi iṣẹ́, tí kì í dé ilé àfi nígbà ọdún tàbí nígbà ìsìnkú, kí lẹ máa pe ìyẹn? Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi.

Kì bá má sí wàhálà kankan níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọsibítù wa. Ọsibítù yìí ò tóbi rárá. Yàrá tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àti yàrá tí wọ́n ti ń bímọ ni, pẹ̀lú tánkì omi àti igi máńgòrò níwájú. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Tẹniọlá ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi, Ọlámipọ̀sí, ti pàdánù oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, tó fẹ́ẹ̀ mú òun náà lọ, Nọ́ọ̀sì ló tètè rí i tó fi yè. Nísinsìnyí ó ti lóyún mìíràn. Bó bá ti di ọjọ́ Ajé, á ti wà lábẹ́ máńgòrò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí Nọ́ọ̀sì lè wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí Nọ́ọ̀sì bá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìrókò, ọmọbìnrin yẹn ò ní í lè jẹun dáadáa títí á fi dé.

Ìròyìn wá dé pé káńsù fẹ́ gbé Nọ́ọ̀sì kúrò. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ò kárí, pé ẹ́síteètì tuntun tó wà létí títì, tí àwọn lanlọ́ọ̀dù kọ́lé sí, náà ń béèrè nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn máa ka ènìyàn níbẹ̀ àti lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí ni Nọ́ọ̀sì máa wà. Mikail, káńsẹ́lọ̀ wa, ló gun ọ̀kadà wá sọ fún wa fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọkọ mi, ó tún wá sọ́dọ̀ tiwa ní Kíráísì Àpọ́sítélì lẹ́yìn ìsìn. Ó ní lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí á jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kúrò lábà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Inú bí mi díẹ̀ nígbà náà, mo ní ṣé ó rò pé a ò gbọ́ Yorùbá ni.

Àṣé ọmọ náà mọ̀ wá.

Ohun tí ọkọ mi ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ó pe Mọ́gàjí Roheem, olórí ẹbí wọn nílé Ajítẹ̀rù, ó ní ìjọba ń bọ̀ wá ka ènìyàn. Mọ́gàjí ní bó bá jẹ́ pé ìjọba fẹ́ ka ènìyàn, kí gbogbo ọmọ ilé tètè máa bọ̀ nílé, kí iye agboolé má bàa dín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ lóòótọ́. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá fẹ́ ka ènìyàn, àwọn ará abà á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á lọ sí agboolé wọn nínú Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kà wọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ka òun sí oko.

Mo rán an létí ohun tí Mikail wí. Ó ní kí ni Mikail mọ̀, ọmọ àná. Ó ní bí agboolé Ajítẹ̀rù bá kún fọ́fọ́, ta ló máa láyà láti mú nọ́ọ̀sì kúrò ní oko wọn? Mo ní ẹni tó ń kà wá fún ọsibítù abà, abà ló máa wá. Ó ní mo ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ nìyẹn o. Gbogbo abà múra bí ẹni ń lọ síbi ọdún, kálukú dojú kọ agboolé tirẹ̀. Èmi náà wọ aṣọ mi, mo tẹ̀ lé ọkọ mi. A wọkọ̀ dé Àdégbáyì, a tún wọ òmíràn wọ ìgboro. Ọlámipọ̀sí nìkan ló kù nílé, nítorí pé Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tó ń fò lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Òun àti Nọ́ọ̀sì, àti àwọn ewúrẹ́.

Nílé Ajítẹ̀rù, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò wá kà wá. Yàrá kan wà nínú ilé yẹn tí wọ́n sin bàbá ọkọ mi sí. Látìgbà tí mo ti mọ ọkọ mi ló ti ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ bàbá òun nínú yàrá yẹn ni òun máa sùn sí bí ọjọ́ bá pé. Kò sí ohun tó tù ú nínú tó bẹ́ẹ̀. A dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe ti kó ẹrù kún un, kò sí ibi tí a lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọmọdé ilé kan wá ń wò wá, ó bi ìyàwó Mọ́gàjí pé àwọn wo nìyí. Obìnrin yẹn ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ó kàn ní, "Àwọn ará oko wa ni."

Mo wo ojú ọkọ mi. Ó bu omi mu, ó gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí dé egungun, èmi tí mo ti fẹ́ kí ẹnì kan rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí oòrùn yí, ó bi Mọ́gàjí pé àwọn tó ń kànìyàn dà. Mọ́gàjí pe ẹnì kan lórí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò ka ìgboro rárá, ọ̀dọ̀ tiwa àti ẹ́síteètì nìkan ni wọ́n ń kà. Ó wá ní kò burú náà, ó kúkú dáa bí a ṣe wá, nítorí ẹni tó bá gbà kí wọ́n ka òun sí oko, oko ni kí wọ́n sin ín sí, ilé Ajítẹ̀rù ò ní í gba òkú rẹ̀. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìgbà tí a padà dé, Nọ́ọ̀sì jókòó lábẹ́ máńgòrò, Ọlámipọ̀sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn ará káńsù ti wá. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, ewúrẹ́ ló ń dá wọn lóhùn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró, wọ́n ní ohun tí àwọn bá rí làwọn ń kà. Ènìyàn méjì ni wọ́n kà ní Abà Láyí. Ọlámipọ̀sí ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn bi mí pé, "Mọ̀mí, ta ló máa wá gbẹ̀bí mi?"

Háà, mo fi ọ̀rọ̀ gún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò fèsì. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n dákẹ́, nítorí Bàbá Adémidé kì í jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè èsì.

Káńsù pè wá sí gbọ̀ngàn wọn kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi ti ránṣẹ́ pe Mọ́gàjí Roheem pé kó wá bá wa jókòó, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ní ẹni lẹ́yìn. Mọ́gàjí wá lóòótọ́, ó jókòó níwájú pẹ̀lú agbádá ńlá. Alága káńsù, obìnrin ni, Gbọ́njúbọ́lá ni wọ́n ń pè é, kò pariwo, kò sì gba gbẹ̀rẹ́.

Olúyínká, tó jẹ́ olórí àwọn lanlọ́ọ̀dù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ti múra láti bínú sí i, àmọ́ kò bú wa. Ó kí ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó ní àwọn obìnrin wà lọ́dọ̀ àwọn náà tó ń bímọ sójú ọ̀nà. Ó ní láti ẹnu Baálẹ̀ fúnra wọn lòun ti gbọ́ ọ, ní ọjọ́ tí òun wá kí wọn nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, pé ibi iṣẹ́ ni Abà Láyí, Ìbàdàn ni ilé gbogbo wọn. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgboro tí ilé wọn wà kún fún ọsibítù, àwọn tí kò ní ilé mìíràn ni kí wọ́n fún ní nọ́ọ̀sì. Mi ò rí ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọkọ mi sọ.

Alága yíjú sí wa. Ó fara balẹ̀ bi í pé, "Bàbá, níbo ni ilé yín?"

Ọkọ mi dìde. Ìbéèrè tó ti ń dáhùn láti kékeré ni, tí ìdáhùn rẹ̀ wà létè rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó wo Mọ́gàjí. Mọ́gàjí ń mi orí fún un pé kó sọ ọ́. Ó wá wo ẹ̀yìn, níbi tí Ọlámipọ̀sí jókòó sí tó gbé ọwọ́ lé ikùn. Mo mọ ohun tó ń wò, mo mọ yàrá tó ń rò, ẹ̀rù sì bà mí pé yàrá yẹn ló máa mú.

"Abà Láyí ni ilé mi," ló wí. "Ará oko ni mí. Ibẹ̀ ni ìyá mi wà nínú ilẹ̀. Èmi ni mo kó gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ tí ẹ wá, ẹ má bá wọn wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá kà wá."

Mọ́gàjí dìde, ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká. Ó ní, "Josiah, ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ?"

Ọkọ mi ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Mọ́gàjí jáde. Ọkọ mi ò jókòó títí ó fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni.

Wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kò sẹ́ni tó kúrò lábà lọ́jọ́ náà, àní àwọn tó ń din gaàrì fi iná sílẹ̀ wá tò síwájú ilé wọn. Nígbà tí wọ́n kà tán, a pọ̀ ju àwọn ará ẹ́síteètì lọ. Alága ní kí Nọ́ọ̀sì Tẹniọlá dúró, kó máa lọ wo àwọn ará ẹ́síteètì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun títí tiwọn á fi dé, a sì fara mọ́ ọn, torí tiwọn náà ń bímọ. Ọlámipọ̀sí jẹ iyán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tún béèrè òmíràn.

Lẹ́yìn tí àwọn ará káńsù lọ, mi ò rí ọkọ mi. Mo wá a dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyá rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Ó mú ọkọ́ lọ́wọ́, ó ń ro ẹ̀gbẹ́ sàréè náà, ibi tí koríko ti bò tipẹ́. Ó rí mi, kò dúró. Ó ní, "Ìyá Adémidé, ibí ni kí ẹ gbé mi sí." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a ro díẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ibi tó ro yẹn ti kéré jù, kó jẹ́ ká ro ó fẹ̀ dáadáa, torí pé ẹni méjì la jẹ́.