Ojú Ìwé Mẹ́ta Tó Kù

3.

…torí náà ni mo ṣe ní kí o má fi orúkọ kankan sí i, Bánkọ́lé. Ẹ̀yìn ìwé, kí ó funfun. Iwájú ìwé, àkọlé nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ló kọ ọ́, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe irọ́. Ta ló mọ ẹnìkan tán láyé yìí?

(Ìwé pélébé tó bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù Bánkọ́lé, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìkọ̀wé tíṣà àtijọ́ ni. Gbogbo "g" inú rẹ̀ ló ní ìrù gígùn.)

1.

Ẹ má bínú, èyí ló yẹ kó ṣíwájú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Tíṣà Láídé Ṣóbọ̀wálé ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ìwé kan, *Ọkọ̀ Olóbì*: Mojírádé ará Akaka, tí ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ obì lọ sókè Ọya tí kò padà. Mojírádé wá ń ta obì ní Ṣàgámù, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè. Ṣé ọkọ á padà? Ojú ìwé mẹ́rìnlá lé nígba ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ló kọ ọ́, àfi Bánkọ́lé tó bá a tẹ̀ ẹ́.

2.

Ohun tí Tíṣà fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn ìwé orin rẹ̀:

*Bí ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ pé èmi ni bá kà á láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn, màá fi orúkọ mi sí i, màá sì gbé e jáde. Bí kò bá sí, inú àpótí ni, títí láé. Kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́.*

Kí ló fa irú májẹ̀mú báyìí? Ẹ̀rù ni. Ìdajì Ìkẹ́nnẹ́ ló kọ́, ìdajì tó kù ló nà. Ta ló máa sọ òótọ́ fún ẹni tó fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀? Ohunkóhun tó bá ṣe, "Ó dáa, mà" ni. Ó ti sú u.

4.

ÒFIN ẸGBẸ́ ÒǸKÀWÉ WA

(Ó wà lókè gúrúùpù Wasáàpù wọn. Joanna Kọ́mọláfẹ́ ti Ìlíṣàn ló dá gúrúùpù náà sílẹ̀, òun sì ni ádímìn kan ṣoṣo.)

— Ìwé kan, ẹ̀dà kan, láti ọwọ́ dé ọwọ́.
— Bí o bá kà á tán, sọ̀rọ̀. Bí o kò bá kà á tán, sọ ibi tó ti sú ọ.
— Má sọ ìparí fún ẹni tí kò tíì débẹ̀.
— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ síbí. Ìwé nìkan.

Tíṣà ló dábàá *Ọkọ̀ Olóbì*. Ó ní òun rí i ní ṣọ́ọ̀bù Bánkọ́lé. Òótọ́ ni. Ó rí i níbẹ̀.

5.

SÀLÁWÙ, olóbì, Ṣàgámù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojú ìwé 41 ni mo dúró sí. Ẹni tó kọ ìwé yìí ní Mojírádé 'sá obì sóòrùn kó lè gbẹ dáadáa.' Kí rèé! Ta ló ń sá gbànja sóòrùn? Oòrùn ni ọ̀tá obì. À ń rẹ ẹ́ sómi ni, à ń bó awọ funfun ara rẹ̀, à ń fi ewé tútù bò ó nínú agbọ̀n. Mi ò lè tẹ̀ síwájú. Kí wọ́n wá ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n nà án ní pankẹ́rẹ́ mẹ́fà."

Tíṣà ka èyí ní fàráńdà. Òun náà ti na Sàláwù ní pankẹ́rẹ́ mẹ́fà rí, ní kíláàsì kejì, nítorí pé ó kọ ohun tí kò mọ̀ sínú ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò dá a lójú pé ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà.

6.

KAREEMAT, nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù. Ọjọ́ méjì.

"Ẹ má bínú, ìparí ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a kì í mọ bó ṣe máa parí. Nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí, ọkàn mi balẹ̀, mo sì sùn. Ó dùn o! Mi ò ka àárín."

Ẹni méjì ti lọ. Ó ku Joanna.

7.

JOANNA, olùkọ́ ní yunifásítì, Ìlíṣàn. Sátidé ni Ọjọ́ Ìsinmi ìjọ tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ìwé ìtàn, kò sí fóònù, títí yóò fi wọ̀ ní Sátidé.

*Ajé:* Ojú ìwé 30. Mo fẹ́ràn ìyá ọkọ yìí. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

*Ìṣẹ́gun:* 41. Òótọ́ lẹ sọ nípa obì, Bọ̀ọ̀dá Sàláwù. Ṣùgbọ́n ẹ forí jì í. Ẹni yìí lè má mọ obì, ó mọ bí èèyàn ṣe ń dúró de èèyàn.

*Ọjọ́rú:* 97. Ọbẹ̀ mi jóná. Ọmọ mi Asher ní kí n gbé ìwé sílẹ̀ kó tó kan ilé.

*Ọjọ́bọ̀:* 163. Ta ló kọ ìwé yìí gan-an? Mo fẹ́ bá a jà. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn.

*Ẹtì, 6:41 ìrọ̀lẹ́:* 211. Ojú ìwé mẹ́ta ló kù! Oòrùn ti ń wọ̀. Mo ti pa ìwé dé, mo ń pa fóònù. Ó di ọ̀la tí oòrùn bá wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun fún mi o!

Tíṣà ka ti Ọjọ́bọ̀ nígbà mọ́kànlá.

8.

Sátidé, 9:14 àárọ̀. Gúrúùpù.

BÁNKỌ́LÉ: Tíṣà wa, ẹ kú oríire!!! Ojú ìwé mẹ́ta péré!
SÀLÁWÙ: Oríire kí ni?
BÁNKỌ́LÉ: Ẹ má dá mi lóhùn, sà.
[ Bánkọ́lé ti pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́ ]
[ Bánkọ́lé ti pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́ ]
SÀLÁWÙ: Ẹ dúró ná.
SÀLÁWÙ: Bánkọ́lé ló ń tẹ̀wé. Tíṣà ló mú ìwé wá.
SÀLÁWÙ: ÀṢÉ TÍṢÀ LÁÍDÉ LÓ KỌ Ọ́!!!

9.

Orí fóònù, 9:17.

TÍṢÀ: Sàláwù! Pa á rẹ́. Kíá!
SÀLÁWÙ: Mà, ọ̀rọ̀ pankẹ́rẹ́ yẹn, ẹ dákun, mi ò mọ̀ pé…
TÍṢÀ: Ìyẹn kọ́. Joanna ò gbọdọ̀ rí i kó tó kà á tán. (Ó sọ májẹ̀mú ẹ̀yìn ìwé orin fún un.)
SÀLÁWÙ: Háà! Ẹ jẹ́ kí n dìlíìtì ẹ̀. Ó ti lọ, mà. Mi ò rí i mọ́.
TÍṢÀ: Èmi ṣì ń rí i.
SÀLÁWÙ: Báwo?
TÍṢÀ: Ó wà níbí. Lẹ́tà gàdàgbà.

10.

Kareemat ló ṣàlàyé, torí òun ló mọ fóònù jù láàárín wọn. Sàláwù ti pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ nìkan, kò sì lè pa á rẹ́ fún àwọn yòókù mọ́. Ádímìn nìkan ló lè ṣe é báyìí.

Ádímìn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

11.

Ohun tí wọ́n rò:

— Sàláwù ní òun á gun ọ̀kadà lọ sí Ìlíṣàn, kí òun ní kí Joanna má tan fóònù. Tíṣà ní ìgbà yẹn gan-an ni yóò tàn án.
— Bánkọ́lé ní kí àwọn gbààwẹ̀. Sàláwù ní òun ti jẹun.
— Kareemat ní kí àwọn bò ó mọ́lẹ̀: kí gbogbo wọn máa kọ̀wé sí gúrúùpù láìsinmi, títí ọ̀rọ̀ Sàláwù á fi jìnnà sókè, tí ojú Joanna ò ní kọ́kọ́ tó o.

12.

Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n fi bò ó:

KAREEMAT: Èyí tí mo kà lọ́dún tó kọjá, ọlọ́pàá gan-an lolè. Ìparí rẹ̀ dùn. Mi ò ka àárín.
BÁNKỌ́LÉ: Èmi ń ka ìwé nípa bí a ṣe ń sin oyin. Mo ti dé ibi tí oyin ti ń ta èèyàn. Mo ti dúró síbẹ̀.
KAREEMAT: Ta ló mọ ìwé tó dáa fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tí kì í jókòó?
SÀLÁWÙ: Ẹ kà á fún un kó tó jẹun. Á jókòó.
BÁNKỌ́LÉ: Olúwa yóò ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wa lóṣù yìí, ẹ ṣe àmín.
KAREEMAT: Òfin kẹrin!
BÁNKỌ́LÉ: A wà nínú ìṣòro, mà.
SÀLÁWÙ: Àmín.

Kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀rọ̀ ti lé ní ọgọ́sàn-án.

13.

Ohùn tí Sàláwù gbà sílẹ̀, sí Tíṣà nìkan, 4:20:

"Tíṣà, mo ti ronú. Mo mọ̀ báyìí pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í sá obì, mà. Mi ò ní torí pé ẹ̀yin ni kí n wá ní ó dáa. Ẹ wá bá mi ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ fọwọ́ ara yín bó gbànja agbọ̀n kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún ojú ìwé 41 yẹn kọ, kí ẹ gbé e padà fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ yẹn padà. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí."

14.

Tíṣà dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ẹni tó nà ní pankẹ́rẹ́ mẹ́fà mọ̀ pé òun ni, síbẹ̀ ó sọ òótọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n májẹ̀mú ni májẹ̀mú. Sàláwù ti mọ̀. Tirẹ̀ ò wọlé sínú rẹ̀ mọ́.

15.

Ẹ̀kọ́ tí Kareemat kọ́ Tíṣà:

✓ Ọ̀rọ̀ rẹ ti lọ. Fóònù ẹni náà wà ní pípa.
✓✓ Fóònù ti tàn. Ó ti dé.

Lọ́sàn-án, Tíṣà kọ sí Joanna nìkan: "A kú Ọjọ́ Ìsinmi o." ✓

16.

Ìwọ̀ oòrùn, Sátidé yìí: 6:47.

Láti 6:47, Joanna lè ṣí ìwé. Láti 6:47, Joanna lè tan fóònù. Èwo ni yóò kọ́kọ́ ṣe?

(Èmi tí mo to gbogbo èyí jọ, mi ò mọ̀.)

17.

Tíṣà jókòó sí fàráńdà. Ìwé tó fọwọ́ kọ wà lórí itan rẹ̀, ó ṣí i sí iwájú pátápátá, níbi tí àyè wà lábẹ́ àkọlé. Bíró wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù wà lọ́wọ́ òsì.

6:47 ✓

6:53 ✓ Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì ń kọrin ìparí Ìsinmi.

6:59 ✓ Ó lè jẹ́ pé kò síná ní Ìlíṣàn.

SÀLÁWÙ: Mà, ṣé ó ti di méjì?
TÍṢÀ: Kan ni.
KAREEMAT: Ojú ìwé mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.
SÀLÁWÙ: Bí èèyàn bá ń sunkún ńkọ́?
KAREEMAT: Ogún.

Kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀.

7:08 ✓

L

7:12 ✓

Lá

7:15 ✓

Láí

7:19 ✓

Láíd

7:22