Omi Dé Orí Òkè

Nígbà tí ìjọba ṣòfin pé ó ní ìwọ̀n omi tí ilé kọ̀ọ̀kan lè lò lóòjọ́, alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ òkè ni inú bí jù. Wọ́n so mítà mọ́ ẹ̀rọ omi gbogbo ilé. Tí ìwọ̀n bá ti pé, mítà á ti omi pa. Ẹni tó ń fi omi jẹun kọ́ ló máa gbọ́ ìyẹn kó rẹ́rìn-ín. Ó pe ilé iṣẹ́ rédíò lórí fóònù, ó ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé àwọn ló ń rọ̀jò ni? Omi ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n wá ń bù fún wa bí oògùn ikọ́!"

Ṣùgbọ́n ariwo kì í fọṣọ. Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n sí i. Omi tó bá fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, kì í dà á nù mọ́. Inú ẹ̀ ló ń rẹ aṣọ tó dọ̀tí sí lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa fún òun láyè díẹ̀ sí i. Àwọn kan pòṣé, ọ̀pọ̀ gbà.

Orí òkè gan-an ni ìyá ìyàwó ẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rọ omi wà ní ilé ìdáná màmá o, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ táútáú tipẹ́, aṣọ ìnuwọ́ ni màmá ń fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ìsàlẹ̀ lomi ń tán sí kó tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Omi tí ọkọ̀ elómi bá gbé wá ni màmá ń ṣọ́ lò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá pe ọmọ ẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀ báyìí báyìí!" Ó sì pa á. Àyà tọkọtaya já. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sáré gun òkè, alágbàfọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Orí àpótí ni wọ́n bá màmá, níwájú ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà húkọ́, ó tu afẹ́fẹ́, ó tu omi pupa díẹ̀, ni omi tó mọ́ lóló bá ń dà sínú báàfù. Màmá kàn ń gbọ́ ìró ẹ̀.

Alágbàfọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dẹ́rù bà wá o!"

"Dìde, ọkọ ọmọ mi. Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀."

"Ìjọba lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Màmá. Àwa kọ́ la yọ̀ǹda ẹ̀."

"Bóyá ẹ yọ̀ǹda ẹ̀, bóyá wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín, ó ṣáà dé ọ̀dọ̀ mi." Màmá rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ṣá. Mo ní áà, ṣé kì í ṣe àna mi ló fẹ́ fi òùngbẹ pa mí yìí?"

Ìyàwó ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó di ògiri mú. Alágbàfọ̀ forí balẹ̀. "Màmá, mi ò rò ó débí ni. Mo rò pé wọ́n kàn ń fìyà jẹ wá ni."

"Ìyà wà ńbẹ̀. Kí wọ́n fi díẹ̀ kún ti ẹni tó ń fi omi ṣiṣẹ́. Máa wí i fún wọn. Àmọ́ má ní kí wọ́n fagi lé òfin náà o."

"Mo gbọ́, Màmá."

Màmá wo ẹ̀wù alágbàfọ̀ tó ti rin gbingbin fún òógùn. "Bọ́ ọ wá."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí ẹ wá máa fọṣọ mi?"

"Ìwọ tó ń fọṣọ gbogbo ayé, ta ló ń fọ tìẹ?"

Ó bẹ̀bẹ̀, ìyàwó ẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀, etí ikún ni màmá kọ sí wọn. Ó ti ẹ̀rọ pa, ó ki ẹ̀wù bọ báàfù, ó mú ọṣẹ, orin sì ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Alágbàfọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń tún un sọ pé, "Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ṣé gan-an ni."