Ògbufọ̀ Abúlé Òfìfo

Kọ́lá, àlá tí mo lá lóru àná ò yé mi o. Èmi ni ògbufọ̀ àwọn ọmọ ogun Sípéènì ayé àtijọ́, a wà ní aṣálẹ̀ kan lápá àríwá Mẹ́síkò. A dé abúlé kan, gbogbo ará ibẹ̀ ti sá, èéfín ṣì ń rú lórí ààrò wọn. Síbẹ̀, balógun ka ìwé sókè pé ọba Sípéènì ló ni ilẹ̀ náà báyìí. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ògiri.

Ni ìyá arúgbó kan bá yọjú. "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Balógun bi mí pé, "Kí ló wí?" Mo bú sẹ́kún.

Kọ́lá, láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún bi mí bẹ́ẹ̀.