Ibi Tí Omi Dé

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní kí n kun ògiri gbọ̀ngàn wọn, kí wọ́n lè kọ ìtàn àgbègbè wa sí i: ọdún tí wọ́n ṣí afárá, ọdún tí iná mànàmáná dé. Mo wo ìwé rẹ̀ títí. Ọdún omíyalé kò sí níbẹ̀. Ìyá mi, tó fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn jáde lójú fèrèsé yìí gan-an, kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo kun ún dé ìlà tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri, ó dà bíi pé omi tún ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀ jẹ́jẹ́. Àga ń léfòó, ìwé ń léfòó bí ewé, mo sì ń gbọ́ àjẹ̀ ìyá mi nínú omi. Mo fo ìlà náà. Akọ̀wé wọlé wá wo iṣẹ́ mi.

"Baba Ọlọ́dà, ẹ gbàgbé ibì kan."

"Èmi? Ṣé o gbọ́ ọ rí pé mo gbàgbé nǹkan?"

"Rárá o. Ohun tí gbogbo àdúgbò ṣe ń bẹ̀rù yín nìyẹn."

Ó súnmọ́ ìlà náà. Ìlà náà ga ju orí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Omi dé ibí yìí? Ta ló kó àwọn èèyàn jáde?" Ó fa bírò yọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Mo jẹ́ kí òun náà dúró díẹ̀, kí n tó dárúkọ ìyá mi.