Háàdì Tó Ń Dún Kẹ́-kẹ́

Háàdì náà tún dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Iná ara rẹ̀ ṣẹ́jú, ó kú. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé ohun tí wọ́n so mọ́ òun kò ṣeé kà, ṣé kí òun nu inú rẹ̀ nù kí wọ́n lè tún un lò?

"Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni," àbúrò ní.

"Imú ẹ ni màá tẹ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì.

Àlùmọ́gàjí ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí obìnrin tó ń gé fíìmù, tó sì ń tò ó pọ̀ ni. Ahọ́n rẹ̀ náà mú bí orúkọ ọ̀hún. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, níbi tí páànù òrùlé ti ń yan wọ́n láti àárọ̀.

Inú háàdì yẹn, àpótí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni gbogbo fíìmù Ọ̀gá Eléré, oníbàárà wọn, wà. Kò sí ẹ̀dà kejì. Káàdì kámẹ́rà, wọ́n ti nù ún láti fi ya nǹkan mìíràn. Inú kọ̀ǹpútà ti kún bámúbámú tẹ́lẹ̀, kò sí ààyè fún ẹ̀dà kankan. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn iṣẹ́ àtijọ́ kúrò níbẹ̀ kí ààyè lè wà. Ilé alájà méjì tí wọ́n ti ya fíìmù náà ńkọ́? Katakata ti wó o, ilẹ̀ ibẹ̀ ti dán bí orí apárí. Bí háàdì bá kú, fíìmù kú nìyẹn. Ọ̀gá Eléré sì ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án òní.

Àlùmọ́gàjí dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó gbé etí lé háàdì bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ̀ ń da ilẹ̀ láàmú."

"Ilẹ̀ ló rán ẹ níṣẹ́ sí mi?"

"Mo ti sọ fún yín pé ó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

"Kí lo fẹ́ fi tú u?"

Àbúrò gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó wáyà sókè.

"Rédíò bàbá wa tí o tú, ṣé ó ti sọ̀rọ̀ títí dòní?"

"Rédíò yẹn ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀."

Kò sí ìkẹ́ tí Àlùmọ́gàjí kò tíì fi kẹ́ háàdì náà. Nígbà tó rí i pé ara rẹ̀ máa ń gbóná, ó ra wáyà gígùn kan, ó gbé e lọ sójú fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Lóru àná ó rò ó síwá sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó gbé fáànù kékeré kan síwájú rẹ̀. Wáyà háàdì, wáyà fáànù, ti fóònù méjì àti ti iná orí tábìlì, gbogbo wọn ló ki ẹnu bọ àpótí ẹlẹ́nu-púpọ̀ kan, àpótí yẹn nìkan ló sì ki ẹnu bọ ihò kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: ohunkóhun tó bá ti ní wáyà, kọ̀ǹpútà ni ìyá rẹ̀, kó lọ mu ọmú. Àwọn ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, eruku ti fi wọ́n ṣe ilé, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Fóònù àbúrò dún. Ọ̀gá Eléré ni. Ó ti dé ìsàlẹ̀.

"Kí n ní kó padà wá lọ́la?"

"Ní kó máa gòkè bọ̀. Ṣé mo jí adìẹ ẹ̀ gbé ni?"

Àbúrò ti fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ jẹ́ kí n tẹ bẹ́ẹ̀ ni kó tó wọlé. Tá a bá nù ún tán, a lè wá nǹkan tó máa dá fíìmù padà."

"Ẹni tó fẹ́ wá abẹ́rẹ́ ló ń dáná sun ilé." Ó gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. "Dákẹ́, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Pa fáànù yìí, ó ń pariwo."

"Kò níbi tí wọ́n ti ń pa á."

Inú bí i. Ó fa wáyà fáànù tu.

Kẹ́-kẹ́ náà dá. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú háàdì, iná rẹ̀ tàn, kò ṣẹ́jú mọ́. Orúkọ fíìmù yọ lójú kọ̀ǹpútà.

"Ó ti jí," àbúrò ní. "Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má tún dákú." Ó ti wáyà fáànù padà sínú ihò.

Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó kú.

Àlùmọ́gàjí wo wáyà fáànù, ó wo ti háàdì. "Yọ ọ́." Àbúrò yọ ọ́. Háàdì jí.

"Ebi ló ń pa á," Àlùmọ́gàjí wí jẹ́jẹ́. "Iná tó tó ẹnìkan jẹ là ń pín fún èèyàn márùn-ún. Fáànù tí mo gbé síwájú ẹ̀ pé kó máa tù ú lára, òun ló ń gba òkèlè lẹ́nu ẹ̀. Wáyà gígùn tí mo sì rà, kí oúnjẹ tó rìn dé òpin ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́nà."

Ó wọ abẹ́ tábìlì. Ó fẹ́ eruku kúrò, ó sín, ó fi wáyà kúkúrú so háàdì tààrà mọ́ ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló fa gbogbo yòókù tu.

"Fóònù mi ti fẹ́ kú o."

"Kó kú. A máa sin ín."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí kọ̀ǹpútà máa da fíìmù náà kọ sínú ara rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Eléré wọlé, tòun ti òógùn.

"Fíìmù mi ńkọ́?"

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ó wà. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ má sì fara ti tábìlì."

"Ṣé nǹkan ṣe é ni?"

"Àwa la ṣe é. Láti àárọ̀ la ti ń febi pa á. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ìlà tó ń fi iṣẹ́ hàn ń rá lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín. Ọ̀gá Eléré bá Àlùmọ́gàjí rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó bá a rìn padà, títí àbúrò fi ní òòyì ti ń kọ́ òun.

Ìlà náà kún. Àlùmọ́gàjí ṣí ẹ̀dà tuntun náà. Ilé alájà méjì yọ, pẹ̀lú gbogbo fèrèsé rẹ̀, ẹnìkan dúró lókè ó ń sá aṣọ. Ọ̀gá Eléré fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

Àlùmọ́gàjí kò tíì jókòó.

"Háàdì mìíràn wà nílé yín?"

"Ó wà."

"Ẹ lọ gbé e wá. Ẹ̀dà méjì ò tíì fi ọkàn mi balẹ̀."

Kó tó sọ ọ́ tán, Ọ̀gá Eléré ti wà lórí àtẹ̀gùn.