Ìṣákọ́lẹ̀ Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú

Wọ́n ti hú gbogbo rẹ̀. Òpó igi mẹ́rìndínlógún tí Théophile fi ẹfun kùn, tó rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú lánàá, ẹnì kan ti hú wọn, ó sì tò wọ́n jọ létí igbó bí igi ìdáná. Ìkankan ò ṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló ba Théophile lẹ́rù, nítorí olè ò ní dúró to igi.

Bàbá arúgbó kan jókòó tì wọ́n, ọkọ́ rẹ̀ lórí itan.

“Èmi Lábọ̀dé ni mo hú wọn,” ó wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Théophile yọ ìwé lápò. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wá ilẹ̀ gbọọrọ kiri, láti Okpomèta dé Odomèta, kó tó rántí pápá tí àwọn Faransé pa tì yìí. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n lu òǹtẹ̀ síwèé fún un, ó rò pé ó parí.

“Bàbá, ẹ wò ó. Ìjọba ló yá mi ní ibí fún ọ̀la.”

“Ìjọba!” Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìjọba ló ṣán igbó ibí?”

Théophile fìbínú wọkọ̀, ó padà sí Kétu. Àwọn awakọ̀ láti Pobè àti Sakété ń bọ̀ lọ́la wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ díje. Bí kò bá sí pápá, ojú ọ̀nà ọjà ni wọn yóò ti sáré, bíi tèṣí. Tèṣí ọ̀hún, ọkọ̀ kan yà bàrá, ó gbá Honorine, àbúrò rẹ̀, níbi tó ti ń ra iyọ̀. Títí dòní, ó ń tiro. Théophile ló pe eré náà nígbà yẹn, ẹ̀bi rẹ̀ ò sì jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó ti búra fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun yóò wá ibi tí èèyàn kì í gbà kọjá.

Honorine gbọ́rọ̀ tán, ó pòṣé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kí onílẹ̀ kí ẹ tó ri igi mọ́lẹ̀?”

“Ìwé mi—”

“Ẹ fìwé yẹn sílẹ̀ jàre! Ṣé ojú fèrèsé lẹ ti ń wọlé onílé ni?”

Théophile ká ìwé náà padà sápò. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òun béèrè lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹni tí ò mọ̀nà ló ti béèrè.

Nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jọ padà lọ sí pápá náà. Théophile dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

“Bàbá, mo ṣe bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ẹ má bínú. Ilẹ̀ ni mo wá tọrọ.”

Bàbá Lábọ̀dé gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Dìde. Ẹni tó gba ilẹ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó gbin àgbàdo, á mú àgbàdo wá. Ìwọ tó o fẹ́ gbin ọkọ̀ ńkọ́?”

Honorine bú sẹ́rìn-ín.

“Ohun tí ilẹ̀ bá so la fi ń san án,” Bàbá wí. “Fi ọkọ̀ rẹ gbé mi dé òpin pápá.”

Théophile rọra ń wakọ̀ lọ. Bàbá ń nàka: ibí ni ebè iṣu bàbá òun wà, ọ̀hún ni ahéré. Nígbà ogun Hítílà làwọn òyìnbó kó ọlọ́pàá wá gba ilẹ̀ náà, wọn ò sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà tí wọ́n sì ń lọ, wọn ò sọ pé ẹ gbà.

“Kí ló dé tí ẹ ò wá dáko síbẹ̀?” Honorine bi í.

“Ohun tí wọn ò dá padà fún mi, ṣé kí n fọwọ́ ara mi mú un? Èmi kì í ṣe olè.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní òpin pápá. Ọpẹ́ kún inú Théophile débi pé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́la, àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ yóò ra iyọ̀ wọn lọ́jà láìfòyà.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an ni. Kí Ọlọ́run—”

Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

“Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi, ìwọ náà ni kó o dá a padà. Bí ẹ bá sáré tán, wá sọ fún mi pé, ‘Bàbá Lábọ̀dé, ẹ gba ilẹ̀ yín.’ Kí etí mi gbọ́ ọ.”

Théophile wo ojú bàbá náà, omi ti lé ròrò níbẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ gba ilẹ̀ yín, Bàbá.”

“Ọ̀la ni mo wí,” Bàbá dáhùn, ó fọwọ́ nu imú. “Ẹ kọ́kọ́ sáré yín ná.”